Dirndl Kì Í Ṣe Aṣọ Ọjọ́ Ọtí Nìkan: Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọ̀ Ọ́ Lójoojúmọ́

Ẹni tó bá fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, gbogbo ohun tí mo sọ la kọ sílẹ̀ yìí.

Lónìí, ọ̀rọ̀ aṣọ ni. Kì í ṣe ankara, kì í ṣe aṣọ òkè. Aṣọ ìbílẹ̀ àwọn ará Austria àti àwọn ará Bavaria tó wà ní gúúsù Jámánì ni. Ẹ ti rí i lórí fóònù yín, bẹ́ ò tiẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀. Obìnrin á wọ búláòsì funfun pénpé, á wá gbé aṣọ kan lé e tó há mọ́ àyà, tó sì fẹ̀ nísàlẹ̀, á so épírọ́ọ̀nù mọ́ ìbàdí. Dirndl nìyẹn. Ọkùnrin á wọ ṣòkòtò awọ tó mọ lórúnkún, tí okùn awọ méjì gbé kọ́ èjìká ẹ̀. Lederhose nìyẹn. Lédè wọn, Leder ni awọ, Hose ni ṣòkòtò, ó tán. Gbogbo aṣọ ìbílẹ̀ wọn lápapọ̀ ni wọ́n ń pè ní Tracht.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọjọ́ ọtí Oktoberfest ní Munich nìkan ni wọ́n ń wọ̀ ọ́. Ó dà bí ìgbà tí àlejò bá rí agbádá níbi ìgbéyàwó, tó wá rò pé ibẹ̀ nìkan la ti ń wọ aṣọ ìbílẹ̀. Kò mọ̀ pé Bàbá Onílé ń fi bùbá àti ṣòkòtò jókòó síwájú ilé láràárọ̀. Munich ni mò ń gbé, ọdún kẹfà mi nìyí, mo sì máa ń kọjá sí Austria dáadáa. Ẹ lọ sí Salzburg láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, ẹ máa rí ìyá àgbà tó fi dirndl lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ máa rí bàbá tó wọ jákẹ́ẹ̀tì ìbílẹ̀ lé jíńsì, tó ń ra búrẹ́dì. Wọn ò lọ síbi àríyá kankan.

Ohun tó jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ yìí wá lónìí ni àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Graz, lápá gúúsù Austria. Ó pè mí lóru ọjọ́ kan.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o. Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń ṣe ìgbéyàwó, ó ní dirndl ni gbogbo obìnrin máa wọ̀. Ṣé wọn ò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Ṣé wọn ò ní sọ pé aṣọ wọn ni mò ń wọ̀ kiri?"

Mo ní, "Wọ́n pè ẹ́ ni, àbí o lọ já wọ ibẹ̀?"

Ó ní, "Wọ́n pè mí."

Mo ní, "Ó dáa. Fọkàn balẹ̀, màá dá ẹ lóhùn dáadáa." Ìdáhùn náà gùn, ìyẹn ni mo ṣe gbé e wá síbí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń bi ara ẹ̀ ní ìbéèrè yẹn.

Aṣọ ọmọ ọ̀dọ̀ ni tẹ́lẹ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó ti wá. Ọ̀rọ̀ náà Dirn ni wọ́n fi ń pe ọmọbìnrin, pàápàá èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko tàbí nínú ilé ẹlòmíràn. Aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ ni dirndl. Épírọ́ọ̀nù yẹn, kí ìdọ̀tí má baà ba aṣọ jẹ́ ni. Lederhose náà, aṣọ àwọn ọdẹ àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí òkè ni, torí awọ kì í tètè ya bí èèyàn bá ń gun òkúta.

Nígbà tó yá, àwọn olówó Vienna àti Munich bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lo ìsinmi lórí àwọn òkè yẹn. Wọ́n rí aṣọ àwọn ará oko, ó wù wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n rán irú ẹ̀ fún àwọn náà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú aṣọ tó dára jù. Ọba Franz Joseph ti Austria fúnra ẹ̀ máa ń wọ lederhose bó bá ń ṣọdẹ lágbègbè Bad Ischl. Báyìí ni aṣọ ọmọ ọ̀dọ̀ ṣe di aṣọ ọlọ́lá.

Ṣùgbọ́n àwọn ará oko gan-an ti ń pa á tì. Ní 1883, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Joseph Vogl, ní abúlé Bayrischzell ní Bavaria, rí i pé àwọn ọkùnrin ò wọ lederhose mọ́. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ kí aṣọ náà má baà parẹ́. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wá pọ̀ káàkiri báyìí.

Ní Munich ńkọ́? Àwọn tó sọ aṣọ yìí di ohun tí gbogbo ìlú ń wá ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Julius àti Moritz Wallach. Ní 1900 ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn. Nígbà tí Oktoberfest pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 1910, àwọn ni wọ́n pèsè aṣọ fún ìtọ́wọ̀ọ́rìn ńlá tí wọ́n ṣe láàárín ìlú. Nígbà tó tún di 1930, eré orin kan tí wọ́n ń pè ní Im weißen Rössl jáde ní Berlin. Ilé ìtura kan létí adágún omi ní Austria ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, eré yẹn sì jẹ́ kí dirndl tún gbajúmọ̀ sí i kọjá àwọn òkè ibi tó ti wá.

Ẹ fetí sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí. Júù ni àwọn Wallach. Ní oṣù March 1938, Hitler gba Austria. Nígbà tó di June ọdún yẹn kan náà, ọlọ́pàá Salzburg pàṣẹ pé Júù kankan ò gbọdọ̀ wọ aṣọ ìbílẹ̀ mọ́. Kò gbọdọ̀ wọ dirndl, kò gbọdọ̀ wọ lederhose, kò gbọdọ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun gígùn, kò gbọdọ̀ dé fìlà Tyrol. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, owó ìtanràn tàbí àtìmọ́lé ni. Wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ àwọn Wallach ní Munich, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà sì sá lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn tó wọ aṣọ fún gbogbo ìlú ni wọ́n sọ fún pé aṣọ náà kì í ṣe tiwọn.

Ní àkókò yẹn kan náà, wọ́n gbé obìnrin kan tó ń jẹ́ Gertrud Pesendorfer sípò ní Innsbruck kó máa bójú tó ọ̀rọ̀ aṣọ ìbílẹ̀. Ó gé ọrùn gíga kúrò lára dirndl, ó sì fún ìbàdí ẹ̀ mọ́ra. Ara ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà nínú bí wọ́n ṣe ń gé e títí dòní.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ gbogbo èyí nínú ètò aṣọ? Torí ẹ máa gbọ́ ẹni tó máa sọ pé láti ayébáyé ni dirndl ti rí báyìí, pé ti ẹ̀jẹ̀ báyìí báyìí ni. Irọ́ ni. Wọ́n gé e, wọ́n tún un gé, àwọn ará oko, àwọn ará ìlú, Júù, ọba, gbogbo wọn ló fọwọ́ kàn án. Ìgbà kan ṣoṣo tí ìjọba ka ẹni tó lè wọ̀ ọ́ àti ẹni tí kò lè wọ̀ ọ́, gbogbo ayé mọ ibi tí ìyẹn já sí.

Bí wọ́n ṣe ń wọ dirndl láìṣe pé ọdún ni

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí wíwọ̀ gan-an.

Àkọ́kọ́, ẹ wo aṣọ tí wọ́n fi rán an. Èyí tí wọ́n ń wọ̀ lójoojúmọ́, òwú ni, ó ṣeé fọ̀. Wọ́n tiẹ̀ ní orúkọ fún un: Waschdirndl, dirndl tó ṣeé fọ̀. Àwọ̀ ẹ̀ kì í pariwo, òdòdó kéékèèké tàbí ilà ni. Épírọ́ọ̀nù sílíìkì tó ń dán, ọjọ́ ńlá ni tiẹ̀. Ẹni tó bá wọ sílíìkì lọ ra tòmátì, ó dà bí ẹni tó wé gèlè lọ fi ẹ̀rọ lọ ata.

Aṣọ kan wà nínú èyí tí mo fẹ́ràn jù, Blaudruck ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á fi igi tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí tẹ oògùn kan sórí aṣọ funfun, wọ́n á wá rì í sínú aró. Ibi tí oògùn wà ò ní gba aró, funfun ló máa jáde. Ṣé ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ? Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni! Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ; ní Abẹ́òkúta, páànù tí wọ́n gé ihò sí ni. Ọgbọ́n kan náà, aró kan náà. UNESCO kọ Blaudruck sílẹ̀ ní 2018 gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà tí Austria, Jámánì, Czech, Slovakia àti Hungary jọ ní. Ọmọ Ẹ̀gbá tó bá wọ dirndl Blaudruck, mi ò mọ ẹni tó fẹ́ sọ fún un pé aró ò kàn án.

Ìkejì, kókó épírọ́ọ̀nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí ó ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ bá so ó sápá ọ̀tún yín, ẹ lọ́kọ tàbí ẹ ti ní ẹnì kan lọ́kàn. Bẹ́ ẹ bá so ó sápá òsì, ẹ wà lómìnira. Ẹ̀yìn, opó tàbí obìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún èèyàn nílé ọtí. Àárín iwájú, ọmọdébìnrin. Ọ̀tún ẹni tó wọ̀ ọ́ ni o, kì í ṣe ọ̀tún ẹni tó ń wò ó. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí ò ka ọ̀rọ̀ yìí sí, ṣùgbọ́n ní Munich, àwọn ọkùnrin ṣì máa ń kọ́kọ́ wo kókó kí wọ́n tó wá kí yín. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà, kó so ó sápá ọ̀tún, kó máa jẹun ẹ̀ lọ.

Ìkẹta, ọrùn. Ríbọ́ọ̀nù kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn, Kropfband lorúkọ ẹ̀. Kropf ni gẹ̀gẹ̀. Láyé àtijọ́, àìsí àyódínì nínú oúnjẹ mú kí gẹ̀gẹ̀ pọ̀ gan-an lórí àwọn òkè yẹn, àwọn obìnrin sì ń fi ọ̀já ọrùn bò ó. Lónìí, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ẹyọ kan tó: bẹ́ ẹ bá ti so ríbọ́ọ̀nù, ẹ má tún fi ṣéènì góòlù mẹ́ta lé e. Mo mọ̀ pé ó máa dun àwa ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹ fara dà á.

Ìkẹrin, orí. Àwọn tó bá rò pé gèlè tiwa nìkan ló ń gbowó, kí wọ́n lọ wo Goldhaube, fìlà àwọn obìnrin Linz àti agbègbè ẹ̀. Òwú wúrà ni wọ́n fi ń rán an, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ọjọ́ àjọ̀dún ńlá ni wọ́n ń dé e. Lójoojúmọ́, wọ́n kàn ń di irun wọn ni. Irun dídì tiwa bá dirndl mu dáadáa, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ní kẹ́ ẹ lọ fi wíìgì aláwọ̀ wúrà pẹ̀lú irun onídìí méjì kún un. Ìyẹn ló ń sọ aṣọ di eré.

Ìkarùn-ún, bàtà. Haferlschuh ni bàtà ìbílẹ̀ wọn, bàtà awọ líle tí okùn ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Obìnrin lè wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó lè wọ bàtà gíga díẹ̀. Sníkà ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́ ń wọ̀ ọ́, àwọn àgbà ń fojú wò wọ́n. Bí sníkà bá funfun tó sì mọ́, kò sí ìjà. Bí òtútù bá dé, ẹ wọ súwẹ́tà òwú irun àgùntàn lé e lórí, kó mọ ní ìbàdí kó má baà bo épírọ́ọ̀nù.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ó kàn yín

Lederhose tó dáa, awọ àgbọ̀nrín ni. Ewúrẹ́ ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ó sì tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń rà á, kó há díẹ̀, torí awọ máa ń nà. Ẹ má jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ láéláé! Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku ẹ̀, ẹ fi sábẹ́ atẹ́gùn, ó parí. Bí awọ ṣe ń dúdú lórúnkún àti nídìí ni iyì ẹ̀ ń pọ̀ sí i. Bàbá ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ, bíi sányán.

Ẹ ó rí ṣéènì fàdákà kan tó rọ̀ níwájú lederhose, owó àtijọ́ àti eyín ẹran wà lára ẹ̀. Charivari ni. Àwọn ọdẹ ló ń kó ohun tí wọ́n rí nínú igbó sára ẹ̀. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rà lẹ́ẹ̀kan náà: èyí tó bọ́ lọ́wọ́ bàbá, èyí tí wọ́n fi ta èèyàn lọ́rẹ, díẹ̀díẹ̀ ló ń kún. Èyí tí gbogbo ẹ̀ ti kún látorí ẹ̀rọ ayélujára, tí wọ́n fi irin lásán ṣe, gbogbo ará ìlú ló mọ̀ ọ́n. Bákan náà ni Gamsbart, irun gígùn tí wọ́n ń kì bọ fìlà. Bart ni irùngbọ̀n, ṣùgbọ́n irun ẹ̀yìn ẹran orí òkè kan ni, kì í ṣe irùngbọ̀n ẹ̀.

Fún ọjọ́ iṣẹ́, ìmọ̀ràn mi ni pé ẹyọ kan péré tó. Janker, jákẹ́ẹ̀tì òwú irun àgùntàn tí bọ́tìnnì ẹ̀ jẹ́ ìwo àgbọ̀nrín, lé jíńsì àti síńgílẹ́ẹ̀tì funfun. Ẹ ti múra. Ẹ lè fi lọ ọ́fíìsì, ẹ lè fi lọ bá àna sọ̀rọ̀.

Ṣé ó yẹ ká wọ̀ ọ́?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè àbúrò mi. Lọ́jọ́ kan, mo wọ dirndl òwú nínú ọkọ̀ ojú irin. Obìnrin mẹ́rin míì wọ tiwọn nínú ọkọ̀ náà. Ọkùnrin kan kọjú sí èmi nìkan, ó ní eré wo ni mò ń lọ ṣe tí mo fi múra báyìí. Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́. Ìyá àgbà kan tó jókòó ní iwájú mi wo kókó épírọ́ọ̀nù mi, ó ní, "Ọmọ yìí so tiẹ̀ dáadáa ju tèmi lọ." Ó ní kí n bá òun tún tòun so. Mo bá a so ó. Ọkùnrin yẹn ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé gbogbo èèyàn ló máa dà bí ìyá yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ náà látọ̀dọ̀ wa. Léèsì tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe òde, ibo ló ti ń wá? Èyí tó dára jù nínú ẹ̀, Lustenau ni, ìlú kékeré kan ní Vorarlberg, ní ìwọ̀ oòrùn Austria. Láti bí ọdún 1960 sókè ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe é ránṣẹ́ sí Nàìjíríà. Àwọn oníṣòwò Èkó ń lọ síbẹ̀ lọ yan àwọ̀ àti iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́, àwọn ará Lustenau á sì ṣe é bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n ṣe é. Ní 2010, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Vienna pàtẹ ìtàn léèsì yìí. Ṣé ẹnikẹ́ni ti dá ìyá yín dúró rí níbi òde, pé aṣọ Austria ló wọ̀? Léèsì ti di tiwa torí a mọ bí a ṣe ń wọ̀ ọ́, a sì ń tọ́jú ẹ̀.

Ní Munich níbí, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì tí wọ́n bí ní Cameroon, Rahmée Wetterich àti Marie Darouiche, bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà rán dirndl ní ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Noh Nee lorúkọ iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń gé dirndl kò yí padà, àwòrán orí aṣọ ló yí. Àwọn ará Bavaria rà á, wọ́n sì wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo sọ fún àbúrò mi nìyí: àwọn Yorùbá ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ẹni tó wọ aṣọ ẹlòmíràn bí eré, wọ́n á fi ṣeré. Ẹni tó mọ ìdí tí kókó fi wà lápá ọ̀tún, tó mọ èyí tó jẹ́ ti ọjọ́ ọdún àti èyí tó jẹ́ ti ọjọ́ ọjà, aṣọ ni ó wọ̀, kò wọ eré. Ohun tó yẹ ká sá fún ni èyí tí wọ́n ń tà ní ọ̀rá, tó ń dán bíi bébà, tó kúrú dé itan. Àwọn onílé gan-an kì í wọ ìyẹn.

Bẹ́ ò bá tíì ní owó tuntun, ṣọ́ọ̀bù òkìríkà ní Munich, Salzburg àti Graz kún fún dirndl tó dáa. Ẹ wo ìhà inú ẹ̀: bí wọ́n bá fi aṣọ púpọ̀ sílẹ̀ níbi ìránpọ̀, ẹ lè tú u bí ara bá pọ̀ sí i. Ẹ ra búláòsì méjì, épírọ́ọ̀nù méjì, aṣọ kan péré á dà bí mẹ́rin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ lè fún telọ yín ní àdìrẹ kó fi rán épírọ́ọ̀nù, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹni yín tó wà lọ́hùn-ún.

Ibi tá a máa dúró sí lónìí nìyẹn. Ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀: aṣọ ìlú mìíràn wo lẹ ti wọ̀ rí, kí ni wọ́n sì sọ fún yín? Ẹ fi àwòrán ránṣẹ́ bẹ́ ẹ bá ní. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, fìlà la máa sọ̀rọ̀ lé lórí, abetí ajá sì ni a máa fi bẹ̀rẹ̀. Ó dàbọ̀ o.